Ohùn Tó Sùn Sínú Ìpẹtà Irin

Páálí téèpù kan wà lórí pẹpẹ mi nílé tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbé e kiri. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọmọ mi ti fẹ́ dà á nù, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ ohùn ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe. Mo gba ohùn sílẹ̀, mo fi abẹ gé e, mo lẹ̀ ẹ́ pọ̀, mo tọ́jú rẹ̀, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi pa á rẹ́ rí. Nítorí èyí tí mo pa rẹ́ yẹn ni páálí náà ṣe wà níbẹ̀. Nítorí rẹ̀ náà ni eré àwọn ẹgbẹ́ jáàsì kan láti Lọ́ńdọ̀nù, tó sùn sínú téèpù fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kó tó jí, ṣe wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tí wọ́n rán mi lọ sí Ìlú Ọba láti kọ́ bí a ṣe ń kó ohùn inú téèpù sínú kọ̀ǹpútà, ilé bàbá kan ní Peckham ni mo dé sí. Ọmọ Èkó ni bàbá yìí. Ó ti lu ìlù káàkiri ilé ijó Soho nígbà èwe rẹ̀, lẹ́yìn tí Ambrose Campbell àti àwọn West African Rhythm Brothers ti la ọ̀nà sílẹ̀ níbẹ̀ fún irú wọn. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, bàbá fi CD kan sínú ẹ̀rọ, ó sì na hẹ́dífóònù sí mi.

“Bàbá, orin àwọn wo nìyí?”

“Fetí sílẹ̀ ná, ọmọ mi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ka ẹ̀yìn páálí, ojú ló fi ń gbọ́ orin.”

Mo fetí sílẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé yàrá kọ̀ọ̀kan ní èémí tirẹ̀, èémí yàrá yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni fèrè bú jáde. Ẹni mẹ́ta, ẹni mẹ́rin ń fọn ohun tó wù wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, onílù kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ráyè jókòó. Ìgbà tí mo rò pé wọ́n ti ṣìnà pátápátá ni gbogbo wọn já sórí orin kan ṣoṣo, bí ìgbà tí ọ̀nà oko mẹ́fà bá pàdé lẹ́nu bodè. Àtẹ́wọ́ sọ. Mo yíjú sí bàbá, ó kàn mi orí ni.

Ìgbà tó wá gbà mí láyè ni mo ka ẹ̀yìn páálí náà. Brotherhood of Breath ti Chris McGregor ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, *Travelling Somewhere* ni orúkọ àwo náà. Ìlú Bremen ní Jámánì ni wọ́n ti ṣe eré náà ní January 1973, Radio Bremen ló gbà á sílẹ̀. Ọdún 2001 ni ilé-iṣẹ́ Cuneiform ní Amẹ́ríkà tó gbé e jáde. Láàárín orúkọ àwọn orin tó wà níbẹ̀, ojú mi já lu ọ̀kan, ara mi sì bù máṣọ: “Kongi's Theme”. Kongi ti Wọlé Ṣóyínká ni. Nígbà tí Ossie Davis sọ eré orí ìtàgé *Kongi's Harvest* di sinimá ní 1970, tí Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ṣe Kongi nínú rẹ̀, McGregor yìí ló ṣe orin sinimá náà.

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ bó ṣe rí lára mi. Orin tó ní ọwọ́ ilẹ̀ wa nínú, ọmọ Gúúsù Áfíríkà ló kọ ọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá a fọn ọ́n, ará Jámánì gbà á sílẹ̀, ará Amẹ́ríkà gbé e jáde. Èmi tó yẹ kó jẹ́ ẹbí rẹ̀ wá ń ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀ ní Peckham, bí ẹni pàdé àbúrò tí wọn kò sọ fún un rí pé wọ́n bí.

Báwo ni ẹgbẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀? Òyìnbó ni McGregor, ọmọ olùkọ́ ilé-ìwé míṣọ́n, tó dàgbà láàárín àwọn Xhosa ní Transkei. Ó bá àwọn ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú da ẹgbẹ́ Blue Notes sílẹ̀: Dudu Pukwana ń fọn saxophone, Mongezi Feza ń fọn trumpet, Johnny Dyani ń ta double bass, Louis Moholo ń lu ìlù. Òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà orílẹ̀-èdè wọn kò fẹ́ rí irú wọn pa pọ̀ lórí ìtàgé kan. Ní 1964, wọ́n lọ ṣeré ní Antibes ní ilẹ̀ Faransé, wọn kò sì padà sílé mọ́. Ní 1965 wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni McGregor ti fa àwọn ọ̀dọ́ eléré jáàsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ra, pẹ̀lú Harry Beckett ọmọ Barbados àti Harry Miller tí òun náà ti Gúúsù Áfíríkà wá, tí ẹgbẹ́ ńlá náà fi dúró. Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Àwọn wọ̀nyí pinnu láti rìn pọ̀, wọ́n sì fi èémí tó ń gba inú fèrè kọjá sọ ara wọn ní ọmọ ìyá.

Feza kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní December 1975, ọmọ ọgbọ̀n ọdún péré. Miller kú ní 1983, Dyani ní 1986. Ní 1990, ilẹ̀ gba McGregor, kò sì ju bí oṣù kan lọ tó fi gba Pukwana tẹ̀ lé e. Ọdún 1990 yìí kan náà ni wọ́n tú Mandela sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, tí ilẹ̀kùn ilé tó tì mọ́ wọn ní 1964 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí. Nígbà tí eré Bremen fi máa di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà ní ọjà ní 2001, nínú gbogbo ọmọ Gúúsù Áfíríkà tí mo dárúkọ yìí, onílù nìkan ló kù láyé. Ọdún 2005 lòun tó padà lọ gbé ní ilé bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan gbà wọ́n sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, tí ẹlòmíràn sì tọ́jú ohun tó gbà sílẹ̀, ibo ni à bá ti gbọ́ wọn, nínú ooru ara wọn, níwájú èrò?

Mo sọ pé “níwájú èrò” nítorí pé ó yàtọ̀ sí ti inú sítúdíò. Ẹgbẹ́ náà ṣe àwo nínú sítúdíò, àwo tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí àwọn onídùndún lóde ìnáwó mọ̀ pé bí ìyáàlù ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí èrò bá pé kì í ṣe bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá òfìfo. Èrò ló ń fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Brotherhood. Orin kan kì í tán kí òmíràn tó wọlé, wọn kì í sì fọn ọ̀kan bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bremen lálẹ́ ọjọ́ náà, òun nìkan ni irú rẹ̀.

Ìdílé kan ló là mí lójú sí èyí, tipẹ́tipẹ́ kí n tó mọ Bremen. Wọ́n wá bá wa ní ilé-iṣẹ́ rédíò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, pé bàbá àwọn ti ṣaláìsí, pé ó kọrin lórí rédíò wa rí nígbà tó wà ní géńdé. Ọdún nìkan ni wọ́n rántí. Obìnrin akọ̀wé kan tó ti fẹ̀yìn tì kí n tó débẹ̀ ti fi lẹ́ẹ̀dì kọ orúkọ, ìlú àti ọjọ́ sórí ìwé pélébé kan, ó sì fi í sínú páálí. Kò tó wákàtí kan tí mo fi rí i. Mo fi téèpù náà sórí ẹ̀rọ. Láàárín orin, bàbá náà wúkọ́ díẹ̀, ó sì ń bá orin rẹ̀ lọ. Nígbà tó parí, àgbà nínú àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tún ibi tí wọ́n ti wúkọ́ yẹn lù.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un lù fún un. Bó bá ṣe pé èmi ni mo wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀ ni, ǹ bá ti fi abẹ gé ikọ́ yẹn kúrò, kí n sì rò pé iṣẹ́ rere ni mo ṣe.

Kí gan-an ni téèpù? Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun irin tó ti dípẹtà ra lára. Inú ìpẹtà yẹn ni ohùn ń sùn sí. Nítorí náà ni ara mi ṣe yá gágá nígbà tí bàbá fa àwo mìíràn yọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló wà nínú rẹ̀, ní ìlú Willisau ní Switzerland, nínú oṣù January 1973 yẹn náà. Ilé-iṣẹ́ tí Harry Miller àti Hazel ìyàwó rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ló gbé e jáde, àwo yìí sì ni àkọ́bí rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ilé-iṣẹ́ náà ni Ogun. Bàbá fi ìka tọ́ ọ, ó ní, “Ìwọ tí ò ń fi irin gba ohùn, ọlọ́run ta lò ń sìn látàárọ̀?” N kò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà, n kì í gbé téèpù bí ẹni gbé ẹrù mọ́.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àwọn tó tọ́jú eré Bremen. Kì í ṣe ọjọ́ náà ni ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tọ́jú ohùn. Ní November 1936, nígbà tí téèpù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde láyé, Thomas Beecham kó ẹgbẹ́ London Philharmonic lọ sí Ludwigshafen, ilé-iṣẹ́ BASF sì gba eré wọn sílẹ̀ sórí téèpù. Títí di òní, a ṣì lè gbọ́ nínú rẹ̀. Nígbà ayé téèpù, àwọn ilé rédíò wọn kì í wé e sórí róòlù alábọ́ méjì bíi tiwa. Orí irin kékeré kan láàárín ni wọ́n ń wé e sí, láìsí ohun tó dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọwọ́ rẹ bá gbọ̀n nígbà tí o bá ń gbé e, gbogbo rẹ̀ á tú sílẹ̀ bí ìfun ẹran. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi irú rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, àyà mi ń lù kìkì. Ṣùgbọ́n ohun tó lè tú nígbàkígbà kọ́ ọwọ́ èèyàn ní ìwà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀tọ́ mìíràn wà tí ojú lásán kò lè rí. Bí téèpù bá pẹ́ ní wíwé, ìpele kan á máa tẹ ohùn ara rẹ̀ mọ́ èkejì lára. Bí o bá gbé e sórí ẹ̀rọ lẹ́yìn ogún ọdún, wàá gbọ́ òjìji ohùn fèrè ní bí ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì ṣáájú fèrè fúnra rẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ẹni tí ń pe èèyàn lójú àlá. Ìdí nìyẹn tí àwa tí a ń tọ́jú téèpù fi ń wé e kí ìparí rẹ̀ wà níta. Bí ohùn bá máa ní òjìji, kí òjìji náà tẹ̀ lé e, kó má ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ojúṣe yìí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó ṣe é. Ẹni tí kò bá ṣe é, gbogbo ayé ni yóò gbọ́ ọ.

Mo wá kan ibi tó ń dùn mí.

Ní ọdún tí owó náírà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, tí téèpù tuntun di góòlù, ọ̀gá mi ní ilé-iṣẹ́ kan kó páálí téèpù fún mi pé kí n pa wọ́n rẹ́ ká lè tún wọn lò. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kò ní ju nọ́ńbà lọ lára. Kí n tó pa á rẹ́, mo ní kí n gbọ́ ọ wò. Ìyá àgbàlagbà kan ni, ó ń sun ẹkún ìyàwó, ó ń ki àwọn agboolé ní Ìsẹ́yìn níkọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀rín sì wà nínú rẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi èyí sílẹ̀.”

“Ẹkún ìyàwó? Àwọn tó mọ̀ ọ́n pọ̀ bí eṣú. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ òmíràn, a ó ránṣẹ́ sí wọn. Pa á rẹ́ jàre.”

Mo pa á rẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gba ìpolówó ọjà sórí rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, olùkọ́ kan láti yunifásítì wá béèrè irú ẹkún ìyàwó bẹ́ẹ̀, èyí tó ń ki agboolé. Mo bá a lọ sí Ìsẹ́yìn, a lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Àwọn ìyá dá wa lóhùn tayọ̀tayọ̀, wọ́n sun ẹkún fún wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dé ibi oríkì agboolé, wọ́n á wo ara wọn lójú, wọ́n á ní àwọn àgbà tó mọ ìyẹn ti lọ. Ọ̀gá mi kì í ṣe ènìyàn búburú. Ohun tó rò ni pé bí òní ṣe rí ni ọ̀la yóò ṣe rí, bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa ti sọ pé bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Nítorí pé nǹkan pọ̀ lójú wa ni a kò ṣe tọ́jú rẹ̀.

Kì í ṣe àrùn tiwa nìkan. BBC tí gbogbo wa ń wò bí àwòkọ́ṣe pa téèpù rẹ́ ní àwọn ọdún 1960 àti 1970. Títí di òní, apá tó sọnù nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n *Doctor Who* nìkan lé ní 90. Lọ́wọ́ kejì, ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ orin 43 sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone, ohùn rẹ̀ sì wà títí di òní. Ọrọ̀ tàbí òṣì kọ́ ló ń pinnu èyí tó máa yè. Bí ẹnì kan bá rò pé ó tó ohun tí à ń tọ́jú, a jẹ́ pé ó yè nìyẹn.

Àwọn àgbà kan nídìí ewì ti bá mi jiyàn. Wọ́n ní ohùn kì í ṣe ohun tí à ń tì mọ́ inú àpótí, pé ẹnu ọmọ ni ilé rẹ̀. Ẹni tó mọ ìjálá á kọ́ ọmọ rẹ̀, ọmọ á sì fi tirẹ̀ kún un. Wọ́n ní bí a bá gbà á sílẹ̀, ọ̀lẹ á gbé e lù, kò ní kọ́ ọ. N kò lè pè wọ́n ní òpùrọ́. Mo ti rí ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù gbé oríkì orílẹ̀ ara rẹ̀ lù lójú agbo, tí òun fúnra rẹ̀ dúró bí òpó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn dára fún ilé tí ọmọ ṣì wà nílé. Àwọn Blue Notes kò ní ilé tí wọ́n lè ti kọ́ ọmọ. Ìjọba ti lé ohùn wọn jìnnà sí àwọn tó yẹ kó jogún rẹ̀. Ìyá Ìsẹ́yìn wà nílé rẹ̀ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ti lọ sí Èkó. Níbi tí okùn bá ti já, ẹlẹ́rìí ni téèpù. Kì í ṣe òun ni orin, kò sì lè gba ipò olùkọ́. Ọjọ́ tí ọmọ bá padà wálé béèrè ni yóò dìde, yóò sì sọ ohun tó gbọ́.

Nísinsìnyí ìṣòro wa ti yí padà. Téèpù kò wọ́n wa mọ́. Gbogbo ọwọ́ ló ní fóònù, gbogbo òde ìnáwó ni wọ́n ti ń gbà á sílẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi lọ́dún tó kọjá pé kí n bá òun wá ohùn bàbá àgbà òun tó ki òun lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohùn ló wà nínú fóònù náà, kò sí ọ̀kan tó ní ju nọ́ńbà lọ. A jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, a kò rí i. Bí mo ṣe ń wo nọ́ńbà tó ń kọjá lójú gíláàsì, mo rántí páálí tí ọ̀gá mi gbé fún mi lọ́jọ́sí. Àìní téèpù ló pa ti ìyá yẹn, àpọ̀jù ló fẹ́ pa ti bàbá yìí, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló sọ àwọn méjèèjì nù: ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ohùn tí kò lórúkọ dà bí ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò kó jáde. Ó wà láyé lóòótọ́, kò sì sẹ́ni tó lè pè é.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo gbà á gbọ́ fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Ṣùgbọ́n ohùn ìlú Bremen balẹ̀ ní 1973, ẹnì kan sì tẹ́ ọwọ́ gbà á. Kò fọn fèrè, kò lu ìlù, èrò kò pàtẹ́wọ́ fún un. Lójú tèmi, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà ni. Nítorí pé a kọ orúkọ, ọjọ́ àti ibi sílẹ̀, ọmọ Yorùbá kan rí Kongi láàárín orin àwọn àjèjì.

Lára páálí òfìfo tó wà lórí pẹpẹ mi, mo ti kọ ohun tí mo rántí: ìyá àgbàlagbà, ẹkún ìyàwó, oríkì agboolé, Ìsẹ́yìn, bí ìdajì wákàtí, èmi ni mo pa á rẹ́. Mo fa ìlà kan sí òkè gbogbo rẹ̀ fún orúkọ ìyá náà. Ìlà yẹn ṣì ṣófo.